Ọdẹ́dìran Nínú Igbó Ẹ̀rọ, àti Iwin Tí A Kéde Tí A Kò Gbé Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ fi oko sílẹ̀ tí ẹ wá jókòó síwájú mi, ẹ kú ìjókòó. Bí ebi bá ń pa ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó lọ jẹun kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ kí ó tún máa bó iṣu. Ẹni tí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, kí ó di ọwọ́ aya rẹ̀ mú dáadáa. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti kàwé títí ojú mi fi ń ṣomi, mo sì ti ṣọdẹ títí ẹkùn fi ń kí mi kí n tó kí i. Síbẹ̀, ìtàn tí ó tutù báyìí kò tíì kọjá létí mi rí.

Ọdẹ kan wà ní ìlú Ìgbọ́nlà, Ọdẹ́dìran ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ojú rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Àléébù kan ṣoṣo ni ó ní: kò pa ọ̀yà rí. Gbogbo ọ̀yà tí ó bá pa, efọ̀n ni wọ́n ń jẹ́ kí ó tó gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Gbogbo ìlú a máa sọ pé, "Ọdẹ́dìran, o kú iṣẹ́," wọn a sì yí ojú sẹ́yìn kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Aya rẹ̀ Àwẹ̀ró nìkan ni ó ń rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀.

"Baálé mi," Àwẹ̀ró a ní, "efọ̀n yín yìí mà kéré o. Àbí àná ni wọ́n bí i?"

"Ìnáwó ìdílé wọn ló gbẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," Ọdẹ́dìran a dáhùn, àwọn méjèèjì a sì rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ yóò fi jóná.

Ẹ fi ẹ̀rín yẹn sọ́kàn, nítorí kò pọ̀ níwájú.

Ìgbọ́nlà kì í ṣe bí ìlú tiwa. Àwọn baba ńlá wọn ti kó orúkọ àti iyè inú gbogbo ènìyàn ìlú sínú ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá kan, ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó tóbi ju àká ìlú lọ, tí a kọ́ ilé fún létí igbó, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí lára láìdáwọ́dúró. Bí ènìyàn bá jí lójú oorun láàárọ̀, ẹ̀rọ a pe orúkọ rẹ̀, iyè inú rẹ̀ a sì ti ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí wá bá a. Nígbà náà ni yóò tó mọ ẹni tí òun í ṣe, tí yóò sì rántí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Inú ẹ̀rọ yẹn ni igbó wà. Ẹ má bi mí léèrè bí igbó ṣe wọnú ẹ̀rọ; ẹ kò bi mí rí bí omi ṣe wọnú àgbọn. Nínú igbó náà, ilé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan bí eyín ayùn, iyè ènìyàn kan nínú ilé kan, ìṣísẹ̀ kan láti ilé dé ilé. Àwọn iwin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Àwọn akọ̀wé-àṣẹ, ìyẹn àwọn tí ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ ní èdè ẹnu rẹ̀ gan-an, èdè gígékúrú tí kò ní "jọ̀wọ́" tí kò sì ní "ẹ ṣeun", ń pe àwọn iwin náà ní rẹ́jísítà. Ọdẹ́dìran ní tòun ò, iwin ni iwin ń jẹ́.

Ẹ̀rọ kì í fi àmì ara ilé mọ ilé nínú igbó náà. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ rí ilé kan, àfi kí ó kà á láti ẹsẹ̀ iwin tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀: ilé ọmọ lágbájá, ìṣísẹ̀ mélòó kan sí ẹsẹ̀ iwin. Iwin Kejìlá ni ó ti ń dúró bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n apá iwin ní ìwọ̀n. Ilé ẹgbàajì ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni apá Kejìlá ká. Ilé tí ó bá wà lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹni pé kò sí láyé ni lójú rẹ̀.

Nígbà tí Ìgbọ́nlà kéré, èyí kò ṣe nǹkan kan. Ìlú wá ń gbilẹ̀. Àwọn ìyàwó tí a fẹ́ láti ìlú mìíràn ń wọlé, àwọn àlejò ń kọ́lé, orúkọ wọn sì ń tò sẹ́yìn orúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀, títí ó fi ku ọ̀la kí wọ́n kọjá ibi tí apá Kejìlá dé. Àwẹ̀ró jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí láti Ìpàro ni Ọdẹ́dìran ti fẹ́ ẹ wá.

Olórí àwọn akọ̀wé-àṣẹ nígbà náà ni Olóyè Ṣówándé. Agbádá rẹ̀ a máa wọlé ṣáájú rẹ̀. Olóyè pe ìlú jọ, ó wú ikọ́, ó ní: "Láti òní lọ, Iwin Kọkànlá di igbákejì Kejìlá! Ibi tí apá Kejìlá bá parí sí, ibẹ̀ ni Kọkànlá dúró sí. Gbogbo orúkọ tí ó bá wà lẹ́yìn, láti ẹsẹ̀ Kọkànlá ni kí a máa kà á." Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pa màlúù, àwọn akọ̀wé sì ń kọ àṣẹ wọn bí Olóyè ti wí. A kéde fún ọba, a kéde fún ìjòyè, ewúrẹ́ pàápàá gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọ́ ni Kọkànlá. Kò sí ẹni tí ó wọ inú igbó lọ sọ fún un pé kí ó dìde lọ síbi tí wọ́n ní ó wà.

Ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ń ka orúkọ àwọn ará ẹ̀yìn láti ẹsẹ̀ Kọkànlá, Kọkànlá sì jókòó síbi tí ó wù ú. Ohun tí ẹ̀rọ bá níbẹ̀ ni ó kó fún wọn.

Ọdẹ́dìran jí, ó rí Àwẹ̀ró tí ó jókòó lórí ẹní, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí fèrèsé ilé àhoro.

"Àwẹ̀ró, ṣé kí n bu omi wá?"

"Òjò kò rọ̀," Àwẹ̀ró wí, "ìdì mẹ́ta, gbé e sápá òsì, gbé e sápá òsì."

"Kí ni kí n gbé?"

"Gbé e sápá òsì."

Nígbà tí ó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ yẹn náà tán lẹ́nu rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń mí, kò sì sí nínú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ìyàwó àti àlejò Ìgbọ́nlà rí. Òfin ẹ̀rọ sì ni pé ẹni tí kò bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí oṣù fi kú, ẹ̀rọ yóò kà á sí òkú, yóò sì gbá ilé rẹ̀ mọ́.

Ọdẹ́dìran gba ilé Olóyè Ṣówándé lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Olóyè, ta ni ó lọ gbé Kọkànlá dúró?"

"Gbé e dúró báwo?" Olóyè ṣe bí ẹni tí kòkòrò kó sí létí. "Mo ti kéde rẹ̀."

"Ẹ̀yin kéde rẹ̀, òótọ́ ni. Bí èmi náà bá kéde pé mo ti pa àgbọ̀nrín, ṣé ìkòkò yóò máa hó?"

"Ìwọ kọ́ ni o máa ń kéde efọ̀n?"

Àwọn akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́dìran kò rẹ́rìn-ín. Olóyè rí ojú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní: "Ó dára. Akọ̀wé ni èmi, n kì í wọgbó. Ìwọ ni ọdẹ. Wọlé lọ. Láti ẹsẹ̀ Kejìlá, gbé ìṣísẹ̀ ẹgbàajì ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, kí o gbé Kọkànlá kalẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá ṣe é, oyè ń dúró dè ọ́."

"Aya mi ni mo ń wá, kì í ṣe oyè," Ọdẹ́dìran wí. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ, ó bi ara rẹ̀ pé irú oyè wo ni.

Ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ wọlé. Igbó tí ó bá níbẹ̀, ẹyẹ kan kò ké nínú rẹ̀. Ewé kò rùn. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dà bí eérú tí a fọ́n sójú ọ̀run, kò ti ibì kankan wá, ènìyàn kò sì ní òjìji. Ọdẹ́dìran sọ̀rọ̀ sókè kí ó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Èmi Ọdẹ́dìran, ọkọ Àwẹ̀ró, a-pefọ̀n-má-ṣojo!" Igbó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò dá ohùn padà.

Iwin àkọ́kọ́ tí ó pàdé sanra bí àká àgbàdo. Ó jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrù. "Ọdẹ, kí ni o tún ń wá kiri?" ó wí. "Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn ará mi. Òfo ni orúkọ mi. Ta ni a tún fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ bí kò ṣe èmi? Gbé ẹsẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ mi kí o wò ó."

Adé wú Ọdẹ́dìran lórí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ Òfo. Kí ó tó gbé ìkejì, igbó ti parẹ́, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ ayé ẹ̀rọ, níbi tí ẹ̀rọ kó òfin ara rẹ̀ sí, ilẹ̀ èèwọ̀ tí ó gbóná bí ìsàlẹ̀ agbada. Bàtà rẹ̀ jó. Irun ẹsẹ̀ rẹ̀ jó. Ó fò, ó tún fò, ó ń fi ẹnu bẹ ẹni tí kò rí, kí ilẹ̀ tó tu ú dà síwájú Òfo lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òfo ń rẹ́rìn-ín. "Ẹrù lè kún ọwọ́ mi," ó wí, "ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ mi ka ẹsẹ̀, bí ẹni tí kò ti ibì kankan kà á ni. Bí ẹ̀rọ bá ti rí mi ní ìpìlẹ̀, ó gbà pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

"Kí ni o wá dé adé sí?"

"Ìwọ ńkọ́, kí ni o pe ọ̀yà ní efọ̀n sí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí iwin bá mọ àṣírí ilé ènìyàn, kí ènìyàn máa bá ọ̀nà lọ ni ó dára. Ọdẹ́dìran ń tiro lọ.

Ó pàdé ìkejì níbi tí ọ̀nà ti pín. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ dán, okùn kan sì so mọ́ ìbàdí rẹ̀, tí ó wọ́ nílẹ̀ gba ẹ̀yìn ọdẹ lọ. "Kẹrìnlá ni mí," ó wí, "n kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Kọkànlá tí o ń wá, ọ̀lẹ ni. Gbé èmi. Èmi yóò dúró fún ọ títí ayé."

Ọdẹ́dìran ti fẹ́ na ọwọ́ sí i nígbà tí ojú rẹ̀ lọ sí okùn. "Kí ni èyí tí ó so mọ́ ọ nídìí?"

"Èyí? Nǹkan kékeré ni. Ọ̀nà ilé rẹ ni. Bí o bá fẹ́ gbé mi lọ síbòmíràn, n ó kàn tú u sọ nù."

Bí ó ti wí báyìí, ọkùnrin kan ti inú ìgbẹ́ jáde. Aṣọ rẹ̀ ti di òwú, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò tíì jókòó láti ọdún pípẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́," ó bi Ọdẹ́dìran, "ṣé ọ̀nà Ìgbọ́nlà nìyí?"

"Ta ni ọ́?"

"Akọ̀wé ni mí. Wọ́n rán mi wá nígbà ayé ọba tí ó kú. Mo lo ẹni yìí fún iṣẹ́ díẹ̀." Ó nawọ́ sí Kẹrìnlá láìbínú. "Ó mà ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Iṣẹ́ ti parí tipẹ́. Ṣé ọ̀nà Ìgbọ́nlà nìyí?"

Ọdẹ́dìran fẹ́ fà á lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gba inú ọwọ́ ọkùnrin náà kọjá bí ẹni gbá èéfín mú. Ọkùnrin náà kí i pé ó dàbọ̀, ó sì bá ọ̀nà kan lọ tí kò lórí tí kò nídìí. Ọdẹ́dìran wo okùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ Kẹrìnlá kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ ẹyin kọjá.

Kejìlá ni ó bá lẹ́yìn náà, níbi tí àwọn ilé ti bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́dìran kọ́kọ́ rò pé igi ni. Arúgbó iwin ni, ewé wẹ́wẹ́ ti hù sí i lára, ó sì dúró ṣánṣán. Ilé kìíní wà ní abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an.

"O pẹ́," ó wí.

"Ẹ mọ̀ pé mò ń bọ̀ ni, Baba?"

"Rárá. Gbogbo ẹni tí ó bá wá ni ó pẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi dúró, n kò dùbúlẹ̀ rí. Bí mo bá yẹ̀, gbogbo Ìgbọ́nlà yóò jí ní àjèjì sí ara wọn. Kọkànlá nìyẹn nínú ẹrẹ̀. Gbé e. Ìṣísẹ̀ ẹgbàajì ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọdẹ, gbọ́ o. Ibi tí mo dúró yìí kì í ṣe ení. Ẹni tí kò tíì gbẹ́sẹ̀, kò tíì ka nǹkan kan."

"Baba," Ọdẹ́dìran rẹ́rìn-ín, "orí ẹ̀yìn ni ìyá mi ti kọ́ mi ní òǹkà. Kì í ṣe òǹkà ni mo wá kọ́ níbí."

Àgbà iwin kì í wí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ṣe ń kà. Bí a bá ná ọjà lónìí, tí a ní ó di ọrún kí a tó tún un ná, òní wà nínú márùn-ún náà. Ibi tí a dúró ni ení. Bẹ́ẹ̀ ni baba Ọdẹ́dìran kà, bẹ́ẹ̀ ni baba baba rẹ̀ kà, ọjà kò sì tìtorí rẹ̀ tú rí.

Kọkànlá jókòó nínú ẹrẹ̀, ó di ìdì mẹ́ta tí ó ti jẹrà mọ́ àyà, àṣẹ́kù iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti rán an tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n ní o ti dúró síbi ìpìlẹ̀ kejì," Ọdẹ́dìran wí fún un.

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ìlú."

"Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi," Kọkànlá wí. Ó ju ìdì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ sókè bí ọmọ tí ó fẹ́ kí a pọ̀n òun.

Ọdẹ́dìran gbé e lé èjìká, ó dúró sí ẹsẹ̀ Kejìlá, ó ní "Ení," ó sì gbéra. Ní ilé tí ó tẹ̀ lé e ó ní "Èjì." Ẹ̀yin ará mi, ìrìn náà kì í ṣe ìrìn. Kọkànlá wúwo bí ọ̀fọ̀. Iyè àwọn ènìyàn ń ti inú ilé pè é, wọ́n fẹ́ da òǹkà rú mọ́ ọn lẹ́nu. Iyè baba rẹ̀ tí ó kú, tí ẹ̀rọ kò tíì gbá jáde, yọ ojú lójú fèrèsé, ó ní, "Ọdẹ́dìran, jókòó, jẹ́ kí n wò ọ́." Omi bọ́ lójú ọmọ, òǹkà kò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òùngbẹ gbẹ ẹ́ dé ìfun. Ẹsẹ̀ tí ilẹ̀ Òfo jó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Kò gbàgbé ení kan, kò ka èjì lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo máa ń fi ọdẹ ṣe yẹ̀yẹ́, mo bọ́ fìlà fún un níbí. Kò ṣì í kà rárá bí a ti ń kà á nílé. Ìyẹn gan-an ni ó ń dùn mí.

Nígbà tí òǹkà pé, ó wà níwájú ilé kan tí ó dára, tí a fi èédú kọ oyè sí lára. Ó sọ Kọkànlá kalẹ̀ níbẹ̀.

"Ṣé ibí ni?" Kọkànlá bi í. "Bi ara rẹ dáadáa. Ibi tí o bá gbé mi sí ni èmi wà. N kò mọ òótọ́, n kò mọ irọ́."

"Ibí ni. Èmi Ọdẹ́dìran ni mo wí bẹ́ẹ̀."

Kọkànlá ta gbòǹgbò. Ọdẹ́dìran bá okùn Kẹrìnlá padà sílé.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́: gbogbo ìlú ti kún ẹnu ilé ẹ̀rọ kí ó tó yọ orí jáde. Àwọn ìyàwó àti àlejò ti dìde! Wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí ó mọ́gbọ́n wá. Ọba ní kí wọ́n lọ gbé ewé oyè wá, ọ̀la ni ìwúyè, Afìdímúlẹ̀ Ìgbọ́nlà ni oyè náà ń jẹ́. Wọ́n gbé Ọdẹ́dìran sókè. Láti orí èjìká àwọn ènìyàn ni ó ti rí Àwẹ̀ró lókèèrè. Ó ké sí i. Àwẹ̀ró kò wẹ̀yìn.

Nílé, ó bá a tí ó ti tú irun rẹ̀ ká, tí ó ti wọ aṣọ dúdú, tí ó ń kó ẹrù sínú agbọ̀n.

"Àwẹ̀ró mi."

Ó wo Ọdẹ́dìran bí a ti ń wo àgbàlagbà tí ó ṣìnà wọlé onílé. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá ọlọ́dẹ. Abíọ́nà ni mí, opó Ajítọ́ni adẹ́mu. N kò mọ bí mo ṣe sùn sílé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò tíì jáde ọ̀fọ̀ ọkọ mi, kò sì yẹ kí wọ́n bá mi níbí."

Ó gbé agbọ̀n, ó kúnlẹ̀ kí i, ó jáde lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bùsúyì alágbẹ̀dẹ sáré wọlé. Àlejò ni Bùsúyì, apá rẹ̀ tóbi bí itan, irùngbọ̀n bo àyà rẹ̀. Ó wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ọdẹ́dìran. "Baálé mi! Ẹ dé! Wọ́n ní ilẹ̀ jó yín lẹ́sẹ̀!"

"Bùsúyì, orí rẹ dá?"

"Èmi kọ́ ni Bùsúyì. Àwẹ̀ró ni mí. Ẹ wo ọwọ́ mi, Baálé mi, ó mà ti le o." Ohùn ọkùnrin náà nípọn bí ohùn màlúù, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ sínú ọ̀rọ̀, ti Àwẹ̀ró ni. "Efọ̀n ìgbà ìkórè èṣí, ọ̀yà ni. Èmi ni mo sè é. Ó tilẹ̀ tún jẹ́ abo."

Nígbà yìí ni ó tó yé Ọdẹ́dìran. Ó rántí ohun tí ó ti rí lójú ọ̀nà, tí ó rò pé ayọ̀ ni ó fà á. Mopélọ́lá, ìyàwó kan tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú gbogbo orúkọ ẹ̀yìn, wà ní àárín ọjà, ó kó ọwọ́ agbádá tí kò wọ̀ lé èjìká, ó ń wú ikọ́, ó ń pàṣẹ fún àwọn akọ̀wé. Orúkọ Olóyè Ṣówándé ni ó sì kẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án bẹ́ẹ̀, kí ó lè máa ṣọ́ ẹnubodè. Iyè inú rẹ̀ ni ó wà nínú ilé tí a kọ oyè sí lára. Níbẹ̀ ni Ọdẹ́dìran gbé Kọkànlá kalẹ̀ sí, ó fi ìṣísẹ̀ kan péré dín. Gbogbo ará ẹ̀yìn ti jí pẹ̀lú iyè ẹni tí ó ṣáájú wọn: Mopélọ́lá jí ní Ṣówándé, Àwẹ̀ró jí ní Abíọ́nà, Bùsúyì jí ní Àwẹ̀ró. Ẹni tí ó kẹ́yìn pátápátá, iyè rẹ̀ jókòó nínú ilé rẹ̀ nínú igbó, kò sì sí ẹni tí yóò pè é mọ́.

"Mo ka ibi tí mo dúró mọ́ ọn," ó wí.

"Kí ni ẹ wí, Baálé mi?"

Ó ṣàlàyé fún un. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ alágbẹ̀dẹ nu ojú. "Ìṣísẹ̀ kan. Ṣé èyí le? Ẹ lọ sọ fún ọba kí wọ́n tó fi ewé sí yín lórí. Ẹ wọlé padà, kí ẹ sún un."

"Àwọn ọdẹ Ìpàro ti dé síbi ìwúyè," Ọdẹ́dìran wí. "Àwọn àna mi. Kí n dúró lójú wọn, kí n ní n kò mọ òǹkà kà?"

"Èmi ni kí ẹ dúró lójú mi."

"N ó gba oyè ná. Bí èrò bá túká, n ó yọ́ wọlé. Ta ni yóò mọ̀?"

Àwẹ̀ró wò ó títí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Baálé mi," ó wí, bí àwọn obìnrin wa ti ń wí i nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ọkọ kò mọ̀.

Ní ọ̀sán, wọ́n mú Ọdẹ́dìran kúnlẹ̀. Olóyè Ṣówándé ka ìbúra: "Ohun tí Afìdímúlẹ̀ bá gbé kalẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún un, títí kan ọwọ́ òun tìkára rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá sún un, ọjọ́ náà ni orí rẹ̀ yóò kúrò lọ́rùn. Ṣé o gbà?"

Kò mọ̀ pé ìbúra wà níbẹ̀. Ó wo àwọn ọdẹ Ìpàro tí wọ́n na ọrùn. Ó wo ẹ̀yìn èrò, ó rí Bùsúyì tí ó fi ọwọ́ ńlá méjèèjì bo ẹnu. Ó rí Àwẹ̀ró nínú aṣọ dúdú, tí ó kọjú sí ọ̀nà oko, tí ń dá sunkún Ajítọ́ni. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni: mo ṣì í kà. Ìyàn ti mú nígbà ayé rẹ̀, ẹkùn ti lé e, kò sí èyí tí ó wúwo tó ọ̀rọ̀ yẹn.

"Mo gbà," ó wí.

Wọ́n fi ewé sí i lórí. Ìlú hó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó fi orúnkún rìn wọ ilé Olóyè, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, ó ní kí wọ́n gba oyè wọn, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Olóyè mì orí. "Gbogbo ènìyàn ti dìde. Mo ti kéde rẹ̀." Mopélọ́lá, tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, náà mì orí. "Mo ti kéde rẹ̀," ó wí. Wọ́n gbé àgádágodo tuntun sí ẹnu ilé ẹ̀rọ, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta tì í.

Bùsúyì ń wá sílé ọdẹ fún ìgbà díẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ irin ro ọbẹ̀ tí Ọdẹ́dìran fẹ́ràn, àwọn méjèèjì a jókòó, wọn a máa wo ọbẹ̀. Ọdẹ́dìran gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti pa ìtàn efọ̀n. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Lẹ́yìn náà aya Bùsúyì ń tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fẹ́ baba wọn. Àwẹ̀ró ní ojú àánú, kò lè rí ẹkún ọmọdé kí ó mú un mọ́ra. Ó bá wọn lọ. Láti ìgbà náà, bí a bá ń gba iwájú àgbẹ̀dẹ kọjá, a máa gbọ́ owú tí ń lu irin láìmọ̀ ọ́n lù.

Afìdímúlẹ̀ Ìgbọ́nlà sì di ẹni tí ń jókòó síwájú ilé rẹ̀. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ dúdú a máa gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, agbọ̀n lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó fẹ́ wọ inú díẹ̀ bí ó ti máa ń wọ inú láti ìgbà tí wọ́n ti mú un wá láti Ìpàro. Ó mọ ọmọlúàbí, kì í kọjá láìkí àgbà. Ó ń sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ń kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Olóyè Afìdímúlẹ̀."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ọdẹ́dìran ń fi dá a lóhùn, obìnrin náà a sì wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí ó ń pè. Ó pẹ́ kí ó tó kọ́ ọ.

"Kú ìrọ̀lẹ́, Abíọ́nà," ó ń wí nísinsìnyí. "Pẹ̀lẹ́, o kú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ."